Kí Ẹsẹ̀ Kẹta Tó Balẹ̀

Mo rí ìyá àgbà kan rí, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ ọdún méjì tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín nu imú yín." Ẹni tí kò bá mọ abúlé wa á rò pé orí ìyá náà ti dàrú. Orí ìyá náà pé. Ọmọ ilé apá òkun ni ìyá, ọmọ ilé apá ọ̀sà ni ọmọ yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní "ìwọ" láàárín ilé méjèèjì, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́.

Abúlé wa wà láàárín òkun àti ọ̀sà, kò jìnnà sí Eleko. Apẹja kan ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ìyàwó méjì ló ní, ó kọ́ ilé fún ọ̀kan sí apá òkun, ó kọ́ ti èkejì sí apá ọ̀sà, bóyá kí etí òun náà lè sinmi. Ni àwọn ìyàwó méjèèjì bá bí ọmọkùnrin ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ilé apá òkun, ìyẹn ilé tiwa, ní ọmọ tiwa ló kọ́kọ́ jáde. Ilé apá ọ̀sà ní ìròyìn tiwọn ló kọ́kọ́ dé etí bàbá, ọmọ tí bàbá bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ ló sì jẹ́ àgbà. Ta ló ní aago lọ́jọ́ náà? Kò sí. Ìran lẹ́yìn ìran ni wọ́n fi jà sí i, títí ó fi rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan ṣoṣo: ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní "ìwọ" ti sọ pé òun ni ẹ̀gbọ́n, nítorí náà, kí gbogbo ènìyàn máa pe gbogbo ènìyàn ní "ẹ̀yin".

Ẹ má rò pé ìfẹ́ wà nínú ẹ̀. Wọ́n kórìíra ara wọn dójú ikú, àmọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ tí ìyá mi ń sọ fún obìnrin kan lẹ́bàá kànga pé, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, olè ni yín, olè ló bí yín, ẹ kú iṣẹ́ o." Obìnrin náà gbé garawa rẹ̀ rù, ó dáhùn pé, "Ẹ ṣeun mà. Ojú yín ti ń dà bí ti ìyá yín tó ya wèrè." Àwọn méjèèjì sì bá tiwọn lọ. Èébú kì í pa ẹnikẹ́ni lábúlé wa. Ẹ bú bàbá ènìyàn, ẹ bú ìyá rẹ̀, ẹ bú orí tó gbé wá sáyé, kò burú, bí ẹ bá ṣáà ti fi "ẹ" sí i.

Èmi ní "ìwọ" kan ṣoṣo ní ilé kejì. Bí mo ṣe ní i àti bí mo ṣe sọ ọ́ nù ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí.

Ọmọ ọdún méje ni mí. Mo jókòó sí etíkun, mò ń jẹ àgbọn tí mo jí nínú ilé. Ọmọbìnrin kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ dúró lórí mi. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ọmọ ẹni tó lẹ́nu jù ní ilé apá ọ̀sà ni. Ó wo àgbọn náà, ó wò mí, ó ní, "Fún mi jẹ. Àbí ìwọ nìkan lo fẹ́ jẹ ẹ́ tán?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nì kankan. Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láti ilé yẹn, àní àwọn arúgbó wọn tí kò léyín mọ́ ń pè mí ní ẹ̀yin. Ara mi kọ́kọ́ gbóná, lẹ́yìn náà ó wá dùn mọ́ mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo la àgbọn náà sí méjì, mo fún un ní èyí tó tóbi. "Gbà," mo ní, "ọ̀kánjúwà ni ẹ́." Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ẹnu méjì la ní. Níwájú àwọn ènìyàn, "Ẹ káàárọ̀," "Ẹ bá mi mú un," "Ẹ ṣeun." Nígbà tí a wọ ilé ìwé girama ní ọ̀nà Awoyaya, igi àgbálùmọ̀ kan wà létí ọ̀nà tí a ń gbà kọjá. Bí a bá ti kọjá igi yẹn láàárọ̀, a ti bọ́ "ẹ" sílẹ̀ nìyẹn. "Ìwọ ọ̀lẹ yìí, o ti pẹ́ jù." "Ìwọ náà, wo bí o ṣe dirun bí ọmọ ológìnní." Bí a bá ń bọ̀ lọ́sàn-án, tí a dé ìdí àgbálùmọ̀ náà, a ó tún gbé "ẹ" wa wọ̀ padà, a ó sì rìn wọlé bí àwọn ìyàwó ìjòyè méjì. Mo ti ní ọ̀rẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ ọkọ, mo bímọ. Kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àsìkò yẹn ni títì márosẹ̀ dé. Kí ó tó dé, ta ló bìkítà fún oyè baálẹ̀ abúlé apẹja? Baálẹ̀ á yanjú ìjà àwọ̀n, á gba orí ẹja tó bá tóbi jù, ó parí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n da ọ̀dà sí títì, àwọn ọkọ̀ tó ní amúlétutù bẹ̀rẹ̀ sí í yà wá sọ́dọ̀ wa, àwọn ọkùnrin tó wọ bàtà dídán ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń béèrè ẹni tó lè buwọ́ lùwé lórí ilẹ̀. Baálẹ̀ lè buwọ́ lùwé. Baálẹ̀ wa sì kú nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà ní kíláàsì karùn-ún, ọdún tí a fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde. Ènìyàn méjì ló ń du oyè náà. Bàbá mi ni ọ̀kan, bàbá rẹ̀ ni èkejì.

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ gẹ̀ẹ́sì jẹ́ àgùnbánirọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan láti ìlú olókè. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa abúlé wa. Wọ́n fẹ́ràn eré orí ìtàgé àwọn òyìnbó àtijọ́, wọ́n sì máa ń kà á sókè títí itọ́ á fi máa ta sí àwọn tó jókòó níwájú. Eré tí a kà lọ́dún yẹn dá lórí ìdílé ọba méjì tó ń du adé kan. Ara kan náà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ kan náà, wọ́n sì ń pa ara wọn bí ẹran. Ohun tó wọ èmi lára jù ni ibi tí àwọn ayaba méjì ti pàdé. Opó ọba tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́ ni ọ̀kan, ìyá ọba tó gorí ìtẹ́ ni èkejì. Wọ́n dúró lójúkojú, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń ṣépè fún ara wọn, ojú ìwé bíi mẹ́ta. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín pé èébú àwọn òyìnbó gùn jù. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ àwọn obìnrin méjèèjì yẹn. Ẹ̀bá kànga ni mo ti mọ̀ wọ́n.

Tíṣà ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi yí ibẹ̀ sí Yorùbá, kí a sì ṣe é lórí ìtàgé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ẹ̀bùn, kí àwọn òbí tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì náà lè gbádùn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni opó náà, èmi ni ìyá ọba. Wọ́n wá ṣàlàyé ohun kan tí mi ò gbàgbé láéláé. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó náà ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin" gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní i, kí wọ́n tó sọ ọ̀kan nù. Wọ́n ní inú ìwé yìí, tí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀yin ni àwọn ayaba náà kọ́kọ́ ń pe ara wọn, torí ọmọ ọlọ́lá ni wọ́n. Nígbà tí ìbínú wá kún dé ọrùn, ni wọ́n bá jù ú nù, wọ́n bọ́ sí "ìwọ".

"Ibẹ̀ gan-an ni kíní ọ̀hún ti bẹ́," tíṣà ní, wọ́n lu tábìlì. "Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó bẹ́ lórí ìtàgé náà."

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wo ara wa. Ó yẹ kí a sọ fún wọn nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: "Tíṣà, wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ lábúlé wa." Ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ la ẹnu. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo fẹ́ kí eré náà dùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi yí i sí Yorùbá ní ìdí àgbálùmọ̀. A fi àwọn ẹranko òyìnbó tí a ò mọ̀ sílẹ̀, a kó ohun tó wà létí omi wa sínú ẹ̀. Èmi á pe opó náà ní àwọ̀n tó ya, ọkọ̀ tó ń jò, ìrù ẹja gbígbẹ. Òun á pe ìyá ọba ní àgbọn tí kò lómi, akàn tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sórí ìtẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Òun ló mọ èébú ún hun jù mí lọ. Òun ló mọ gbogbo nǹkan jù mí lọ, kò sí ọdún kan tí kò gba ipò kìíní ní kíláàsì, tí èmi ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a dé ibi "ìwọ", ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ta ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́?" ó ní.

"Inú ìwé, èmi ni."

"Inú ìwé, kò sí bàbá mi níbẹ̀. Kò sí bàbá tìẹ náà níbẹ̀."

A ronú títí. Òun náà ló wá ọgbọ́n rẹ̀. Ó ní a ó jọ sọ ọ́ pọ̀ ni. Òun á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta bí ayaba tí inú ń bí, bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá ti balẹ̀, àwa méjèèjì á pariwo "Ìwọ!" lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í sí ẹni tó kọ́kọ́, kò ní í sí ẹni tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, èmi á sọ tèmi, òun á dáhùn. Bí ohùn méjèèjì bá jáde pọ̀, ta ló máa bínú? Mo ní, "Orí ẹ pé, ìwọ ọmọ yìí." A ṣe é ní ìdí igi náà àìmọye ìgbà. Janlẹ̀, janlẹ̀, janlẹ̀, ìwọ! Àwọn ẹyẹ á fò kúrò lórí igi, a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa dùn wá.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn òbí kún inú gbọ̀ngàn ilé ìwé, ilé apá òkun jókòó lápá ọ̀tún, ilé apá ọ̀sà lápá òsì, wọ́n kí ara wọn, "Ẹ kú ọjọ́ o," "Ẹ kú àpéjọ," ojú wọn le koko. Tábìlì la tò pọ̀ tí a fi pákó lé lórí, òun ni ìtàgé. Adé wa jẹ́ páálí tí a fi bébà dídán inú páálí sìgá wé. Mo rántí pé adé tèmi fún mi lórí.

Àdéhùn wa ni pé ọ̀rẹ́ mi á kọ́kọ́ bú mi pẹ̀lú "ẹ̀yin". Ó jáde, ó wọ aṣọ dúdú ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ibi tó ti rí ohùn yẹn. "Ẹ̀yin ìyá ọba, ẹ kú jókòó o! Ẹ kú jókòó sórí àga tí ó ṣì gbóná fún ìdí ọkọ mi!" Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Ó dúró kí ariwo náà rọlẹ̀, ó tún bọ́ sí òmíràn, wọ́n tún hó. Àwọn ará ilé tèmi ń rẹ́rìn-ín. Mo wo apá ọ̀tún, mo rí bàbá mi. Wọ́n fọwọ́ gbá itan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí eyín wọn àtẹ̀yìn fi hàn. Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín sí mi. Mo gba ipò kejì, wọ́n á ní ta ló gba ìkíní, mo sọ fún wọn, wọ́n á kọjú sí ògiri.

Nígbà tó kan èmi, mo sọ tèmi, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń jò tí mo gbójú lé kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ibi tí a ti máa jan ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi súnmọ́ mi, ó wò mí lójú, ó sì ṣẹ́jú sí mi díẹ̀, kí n mọ̀ pé ó ti kàn wá. Ó janlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pákó náà dún gbì. Ó janlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìwọ!" mo ní.

Ohùn mi nìkan ló jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹta ṣì wà lókè. Ó gbé e dúró bẹ́ẹ̀, kò sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń wò mí. Ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀ fún "ìwọ" tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan tó jáde níbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ dìde. Ọkùnrin gíga ni wọ́n, wọn ò pariwo rárá. "Ṣé ẹ gbọ́?" wọ́n ní. "Gbogbo ẹ̀yin tó wà níbí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ wọn nílé?"

Tíṣà sáré jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. "Ẹ jọ̀ọ́ sà! Dírámà ni sà! Inú ìwé ni, àwọn òyìnbó ló sọ ọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Bí bàbá mi bá dìde, tí wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, tí wọ́n ní ọmọdé ṣì í sọ, à bá bẹ̀bẹ̀, à bá lọ sílé. Mo ń wò wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n dìde. Wọn ò dìde. Orí ìjókòó ni wọ́n wà tí wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n ń tún fìlà wọn ṣe, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n ń bínú sí? Ọmọ náà mọ ẹni tó jẹ́ àgbà ni." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Fún èmi. Ilé apá òkun bá wọn pàtẹ́wọ́, ilé apá ọ̀sà dìde lódindi, wọ́n ń jáde, wọ́n ń taari àga. Bàbá ọ̀rẹ́ mi gba ọmọ wọn lọ́wọ́ mú lórí ìtàgé, wọ́n fà á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú adé páálí lórí. Kò wo ẹ̀yìn.

Nílé wa, orí ẹja, bàbá nìkan ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi mú orí ẹja inú àwo wọn, wọ́n gbé e sínú tèmi, níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Mo jẹ ẹ́. Mo fa ojú rẹ̀ mu, mo fọ́ egungun rẹ̀. Ó dùn. Títí di ọdún wo ni mo fẹ́ máa parọ́ rẹ̀ dà? Ó dùn gan-an ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró ní ìdí àgbálùmọ̀ títí agogo ilé ìwé fi lù. Ọjọ́ kẹta, mo tún dúró. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbọ́ pé wọ́n ti mú un kúrò nílé ìwé, wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Jakande Estate, ní Ilasan, kí ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìdánwò àṣejáde ku oṣù díẹ̀. Lọ́dún yẹn, èmi ni mo gba ipò kìíní. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, inú bí mi sí orúkọ náà.

Wọ́n bi mí léèrè ìdí tí mo fi sọ ọ́, mo ní tíṣà ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé tíṣà lọ síbòmíràn kí sáà tó parí, èmi sì dákẹ́. Nígbà tí mo dàgbà tí mo rí i pé irọ́ yẹn burú, mo wá òmíràn tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ: mo ní mo ṣì í kà ni, mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo sọ ọ́ fún ara mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ọmọdé ni mí, ẹ̀rù ń bà mí, mo ṣì í kà. Ta ló máa bá ọmọdé tó ṣì í kà wí?

Abúlé wa kò padà bọ̀ sípò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu ẹnì kan, gbogbo wọn sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń pe bàbá arúgbó ní "ìwọ" láti òdìkejì ọ̀nà, bàbá arúgbó ń sọ òkò. Ilé kọ̀ọ̀kan fi baálẹ̀ tirẹ̀ jẹ. Baálẹ̀ méjì, pátákó méjì lójú títì, ilé ẹjọ́ láti ọdún dé ọdún. Ilẹ̀ kan náà ni baálẹ̀ méjèèjì sì ń tà, títí kò fi sí ilẹ̀ mọ́. Wọ́n gé igi àgbálùmọ̀ náà láti fi mọ odi. Lónìí, tí mo bá fẹ́ lọ sí ojúbọ bàbá ńlá wa, géètì ni mo máa dúró sí, ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ sìkiọ́rítì á sì bi mí pé, "Mummy, ta lẹ ń wá?" Bàbá mi gbé ìwé ẹ̀rí oyè wọn kọ́ sára ògiri yàrá títí wọ́n fi kú. Nínú yàrá yẹn nìkan ni wọ́n ti jẹ́ baálẹ̀.

Èmi di tíṣà ní Ajah. Lítíréṣọ̀ gẹ̀ẹ́sì náà ni mo kọ́, ẹ ò rí nǹkan. Ọdọọdún ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn ọmọ ọba tó ń bú ara wọn, ọdọọdún ni ọmọ kan á nawọ́ sókè pé, "Mà, ṣé nítorí àga lásán ni wọ́n ṣe kórìíra ara wọn tó yìí?" Màá ní nítorí àga lásán ni. Tí a bá dé ibi "ìwọ" àti "ẹ̀yin" àwọn òyìnbó, màá yára ṣí ojú ìwé tó kàn.

Mo sì mọ ibi tí ọ̀rẹ́ mi wà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ó ti di aláṣọ funfun, sùtánà ló ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ wọn, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń rán an bíi tirẹ̀ láti Ilasan dé Ajah. Títì ibẹ̀ ni mò ń gbà kọjá, mi ò sọ̀ rí. Àfi ìgbà tí a sin bàbá mi tán. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mò ń ro ti ara mi. Ìyá mi ti kú. Ọkọ mi ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ti kú. Àwọn ọmọ mi ń pè mí ní ẹ̀yin, àwọn àna mi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kọ́ńdọ́kítọ̀ ọkọ̀ tí kò mọ̀ mí rí pàápàá ń ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀ wọlé." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó kù láyé tó lè pè mí ní "ìwọ". Ẹnì kan ló kù. Mo wọ bàtà.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní Jakande ló ń gbé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó jókòó nídìí ẹ̀rọ lẹ́bàá fèrèsé, ó wọ sùtánà, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun kún orí àga gbogbo. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ wọlé."

Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Ó kó aṣọ kúrò lórí àga kan. "Ẹ jókòó. Ṣé kí n fún yín lómi?"

"Ṣé o ò dá mi mọ̀ ni?"

"Mo dá yín mọ̀. Mo gbọ́ pé bàbá yín kú. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Mo sọ fún un pé mo wá tọrọ àforíjì, pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi rí. Mo ní, "Mo ṣì í kà ni. Ọmọdé ni mí, mo ṣì í kà."

Ẹ̀rọ dúró.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo janlẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Níta, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pe èrò, ọmọ kan ń sunkún.

"Ẹ̀ẹ̀mejì," mo ní.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ náà?"

"Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo mọ̀ pé ó ku ọ̀kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ jù mí lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín sí ẹ."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ṣeun," ó ní. "Bàbá tèmi nà mí délẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní wọ́n bú ilé wa lójú ayé, mo dúró bí igi, mi ò dáhùn. Mo ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mò ń dúró dè. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta wo? Títí wọ́n fi kú, wọn ò gbà mí gbọ́ pé a ní àdéhùn."

Ó dìde, ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó dúró ní àárín yàrá. "Ẹ dìde," ó ní.

Mo dìde. Ó súnmọ́ mi, ó wò mí lójú bó ṣe wò mí nígbà náà. Ó gbé ẹsẹ̀ lásán rẹ̀ sókè, ó jan án mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ẹ̀ẹ̀kan. Omi ti dé ojú mi. Mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe, inú mi sì dùn: ó fẹ́ dá a padà fún mi, a fẹ́ jọ sọ ọ́ pọ̀. Ó janlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo di ẹnu mi mú pinpin. Mo dúró títí ẹsẹ̀ kẹta fi balẹ̀, ó balẹ̀, mo la ẹnu.

"Ìwọ!" mo ní.

"Ẹ̀yin!" òun náà ní.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ohùn wa jáde. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́, kò sí ẹni tó kẹ́yìn.

Kò dúró. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ tí a jọ kọ ní ìdí àgbálùmọ̀, kò gbàgbé ọ̀kan. "Ẹ̀yin àgbọn tí kò lómi. Ẹ̀yin akàn tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lọ sórí ìtẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Kí ẹ jókòó pẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ má rí ẹni tó máa bá yín sọ̀rọ̀." Kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí ìyá kan ń bá ìyá mìíràn sọ̀rọ̀ lẹ́bàá kànga.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú sùtánà tó ń rán lọ́wọ́, ó wá ojú abẹ́rẹ́. Mo wọ bàtà mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Ẹ rọra tẹ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yẹn o, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Òjò ti rọ̀, ó máa ń yọ̀."